Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò? Ìdánwò Ẹ̀yà Ara Kọ̀ǹpútà Ṣáájú Ìgbéjáde Linux láti Ọdún 1991

Ìfáárà

Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó gbé omi tàbí ẹmu fún àlejò ni ó kọ́kọ́ ń tọ́ ọ wò. Àṣà yìí kò fi hàn pé àlejò kò gbẹ́kẹ̀ lé onílé. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó gbé nǹkan kalẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Bí ewu bá wà nínú rẹ̀, ikùn onílé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Láàrin àwọn tí ń ṣe ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ, òdìkejì àṣà yìí ni ó gbilẹ̀. Àlejò ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níbẹ̀. Ẹni tí kò gba owó iṣẹ́, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó má mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ètò náà, ni ó ń fi kọ̀ǹpútà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà dán ẹ̀dà tuntun wò kí ó tó di ti gbogbo ayé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí, àti ohun tí ó ná àwọn tí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ni ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún. Linux ni àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a mú, nítorí pé òun ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọdún 2008 ni ìtàn náà sì ti le jù. Ní ọdún náà, ẹ̀dà àdánwò kan bẹ̀rẹ̀ sí ba káàdì inú kọ̀ǹpútà àwọn tí ó ń dán an wò jẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

Ọba àti Àwọn Ògbufọ̀ Rẹ̀

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àkójọ ẹ̀yà ni: èyí tí ó ń ṣe ìṣirò, èyí tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ pamọ́, èyí tí ó ń gbé àwòrán sójú, èyí tí ó ń so ó pọ̀ mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe wọ́n, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tirẹ̀. Ètò ìdarí dà bí ọba tí ó jókòó sí ààrin wọn. Nítorí pé ọba kò lè gbọ́ gbogbo èdè, ó ní ògbufọ̀ kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ètò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní driver ni ògbufọ̀ yìí. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ẹ̀yà náà kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀ràn náà lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn àṣẹ kan wà tí ẹ̀yà kan bá gbọ́, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìṣòro yìí kò tíì sí. Kọ̀ǹpútà kan ni ó ní, irú èyí tí a ń pè ní 386. Ó sọ nínú ìkéde náà pé ó ṣeé ṣe kí ètò òun má lè lo irú ibi-ìpamọ́ mìíràn láéláé ju irú èyí tí òun fúnra òun ní lọ. Òtítọ́ ni ó sọ nígbà náà. Ẹni kan ni ó kọ ètò náà, ẹ̀rọ kan ni ó fi dán an wò, ẹni náà sì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí ó bá bàjẹ́. Onílé ni ó ń tọ́ ọ wò.

Kò pẹ́ tí ó fi yí padà. Bí àkọsílẹ̀ ètò náà ṣe wà ní gbangba, àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn yàtọ̀ sí ti Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí kọ ògbufọ̀ fún ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1994 tí ẹ̀dà 1.0 jáde, kò lè sí ẹni kan tí ó ní gbogbo ẹ̀yà tí Linux lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èdè ẹ̀yà tí wọ́n ṣe. Ńṣe ni àwọn tí ó kọ ògbufọ̀ fún irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ń tẹ́tí, tí wọ́n ń fọgbọ́n wá ìtumọ̀, bí ẹni tí ó ń kọ́ èdè lẹ́yìn ògiri. Ọ̀rọ̀ wá di ti ọmọdé àti àgbà: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó kọ ètò kò ní ẹ̀rọ, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kò lè kọ ètò.

Microsoft gba ọ̀nà mìíràn yọ: àwọn tí ó ṣe ẹ̀yà ni ó gbọ́dọ̀ dán an wò bí wọ́n bá ń fẹ́ kí àmì ìfọwọ́sí Windows wà lára rẹ̀. Linux kò ní agbára láti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Debian ń bẹ ẹni tí ó bá dán ètò ìfisẹ́rọ rẹ̀ wò pé kí ó kọ ìròyìn ránṣẹ́, kí ó sọ irú kọ̀ǹpútà tí ó lò, ohun tí ó ṣiṣẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́. OpenBSD, tí kì í ṣe ọmọ Linux ṣùgbọ́n tí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ náà ṣí sílẹ̀, ń bẹ àwọn tí ń lò ó pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ohun tí ètò náà rí nígbà tí kọ̀ǹpútà wọn jí ránṣẹ́ sí òun. Fedora ní tirẹ̀ a máa ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ìdánwò ẹ̀yà kan pàtó, bí ẹ̀yà àwòrán, kí ẹ̀dà tuntun tó jáde. Kò sí èyí tí ó burú nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àṣẹ tí kókó Linux ń tẹ̀ lé, ìyẹn GPL ẹ̀dà kejì, a kọ ọ́ ní kedere pé kò sí ìdánilójú kankan lórí ètò náà, àti pé ẹni tí ó bá lò ó ni yóò ru ẹrù ohun tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tí ó bá ẹni se ìdánwò kò ní ibi tí yóò pe ẹjọ́ sí.

Mandrake àti CD, 2003

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Mandrake ní ilẹ̀ Faransé gbé Mandrake Linux 9.2 jáde. Wọn kò kù gìrì gbé e jáde. Ẹ̀dà àdánwò ti ṣáájú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti dán an wò. Síbẹ̀, bí ó ti dé ọwọ́ aráàlú ni ariwo ta. Àwọn kan fi CD náà sínú kọ̀ǹpútà wọn, ẹ̀yà tí ó ń ka CD sì kú. Kò ka CD mìíràn mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé irú ẹ̀yà kan tí LG ṣe ni ó ń kú.

Ìdí rẹ̀ dà bí àwàdà. Àṣẹ kan wà tí a ń lò fún ẹ̀yà tí ó lè kọ nǹkan sórí CD, pé kí ó kọ gbogbo ohun tí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tán. Ẹ̀yà tí ó kàn ń ka CD lásán kò nílò rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó dáhùn pé kò yé òun. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀yà LG yìí ti mú àṣẹ náà lò fún ohun mìíràn. Lójú tiwọn, ó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀yà náà múra láti gba ètò inú tuntun. Linux inú Mandrake 9.2 sì ń fi àṣẹ náà ránṣẹ́ sí èyí tí ń kọ CD àti èyí tí kì í kọ. Ẹ̀yà LG gbọ́, ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì pa ara rẹ̀. LG padà pèsè ètò tí a lè fi jí ẹ̀yà tí ó kú.

Ẹ̀bi ta ni? Ẹni tí ó bá wo ìlànà nìkan yóò dá LG lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ro ti òǹlò yóò béèrè ìdí tí ìdánwò kò fi rí i. Ìdáhùn ìbéèrè kejì yìí rọrùn, ó sì burú: nínú gbogbo àwọn tí ó dán ẹ̀dà náà wò, bóyá kò sí ẹni tí ó ní irú ẹ̀yà LG náà, bóyá ẹni tí ó ní i rò pé ogbó ni ó pa á. Ẹ̀yà CD a máa kú láìsí pé ẹnikẹ́ni pa á. Ìdánwò tí ó gbára lé ẹni tí ó bá yọjú kò lè mọ iye ẹni tí kò yọjú.

Káàdì Tí Ó Gbàgbé Orúkọ Rẹ̀

Ní ìparí oṣù keje ọdún 2008, ẹ̀dà àdánwò àkọ́kọ́ fún kókó Linux 2.6.27 jáde. Ìlànà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà, tí kò sì tíì yí padà púpọ̀ títí di òní, ni pé wọn yóò gba ohun tuntun wọlé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọn yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò sì máa gbé ẹ̀dà àdánwò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlébù ṣe ń dínkù. Ní àkókò kan náà, àwọn alákòójọ, ìyẹn àwọn tí ń kó kókó Linux pọ̀ mọ́ àwọn ètò mìíràn tí wọ́n sì ń fún un ní orúkọ tiwọn, ń múra ẹ̀dà tuntun sílẹ̀. Ubuntu ń múra 8.10, openSUSE ń múra 11.1, Fedora ń múra 10. Mandriva, tí ó jẹ́ Mandrake tẹ́lẹ̀ kí ó tó dàpọ̀ mọ́ Conectiva ti ilẹ̀ Brazil, ń múra 2009. Orí kókó 2.6.27 ni gbogbo wọn fẹ́ dúró lé. Nǹkan tí ó bá ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe.

Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, ìròyìn burúkú ti pọ̀. Àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ní irú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí Intel ṣe, èyí tí ògbufọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ e1000e, ń rí i pé káàdì náà dẹ́kun iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dán ẹ̀dà tuntun wò. Àlébù ẹ̀dà àdánwò kì í ṣe ohun tuntun. Ẹni tí ó bá rí i a padà sí ẹ̀dà àtijọ́, ọ̀rọ̀ a sì tán. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n padà sí ẹ̀dà àtijọ́, káàdì kò dáhùn. Bí wọ́n padà sí Windows, kò dáhùn.

Ohun tí ó fà á ni pé nínú káàdì bẹ́ẹ̀, ibi ìrántí kékeré kan wà tí kì í parẹ́ bí a tilẹ̀ pa iná. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti káàdì náà nìkan wà, tí kò sí káàdì mìíràn láyé tí ó yẹ kí ó ní irú rẹ̀. Ó dà bí orúkọ tí a sọ ọmọ ní ọjọ́ ìkómọ. Ibẹ̀ náà ni ìlànà tí káàdì fi ń mọ bí yóò ṣe jí wà. Ohun kan ti kọ ìkọkúkọ lé gbogbo èyí lórí. Káàdì náà kò fọ́, kò jóná. Ó kàn gbàgbé ẹni tí ó jẹ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, orí pátákó ẹ̀rọ gan-an ni káàdì yìí lẹ̀ mọ́, tí a kò lè yọ ọ́ kí a fi òmíràn rọ́pò. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ inú káàdì rẹ̀ nípamọ́ lè rí i pé àfi kí òun pààrọ̀ odidi pátákó. Ta ni ó sì ń ronú láti pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ kí aburú tó dé?

Àwọn alákòójọ kò dákẹ́. openSUSE kìlọ̀ fún àwọn tí ó ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ kan ẹ̀dà àdánwò rẹ̀. Ubuntu sọ ògbufọ̀ náà di aláìṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dà àdánwò tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé káàdì kò ní ṣiṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n kò ní kú. Wọ́n tún gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ inú káàdì wọn kọ sí ibòmíràn. Ìmọ̀ràn tí ó dára ni, bí ó tilẹ̀ pẹ́ fún àwọn tí ó ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di adìtú ni bí wọn yóò ṣe wá ìdí rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń gbà wá àlébù ni kí wọ́n pín àwọn àtúnṣe tí ó wà láàrin ẹ̀dà tí ó dára àti èyí tí kò dára sí méjì, kí wọ́n dán àárín wò, kí wọ́n mọ apá tí àlébù wà, kí wọ́n sì tún pín apá náà sí méjì. Àtúnṣe tí ó wà láàrin 2.6.26 àti 2.6.27 lé ní 10,000. Bí a bá ń pín in báyìí, ìdánwò bí 14 ni yóò fi hàn wá. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí ìdáhùn bá jẹ́ pé ‘ó wà níbí’, káàdì kan ti kú. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kò dájú pé yóò kú ní gbogbo ìgbà. Kọ̀ǹpútà kan lè lo ẹ̀dà náà fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí ewu. Nítorí náà, ‘kò sí níbí’ kò lè jẹ́ ìdáhùn tí a gbára lé. Kò wọ́pọ̀ láti rí irú àìsàn tí ó jẹ́ pé àyẹ̀wò rẹ̀ ni ó ń pa aláìsàn.

Ifura kọ́kọ́ bọ́ sórí ògbufọ̀ e1000e fúnra rẹ̀, èyí sì bójú mu, nítorí pé òun ni ó ní àṣẹ láti bá káàdì náà sọ̀rọ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí àwọn ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, wọ́n tún wọn ṣe, káàdì sì ń kú síbẹ̀. Àwọn kan yí ojú sí ẹ̀yà àwòrán, nítorí pé ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà bá dákú ni àwọn mìíràn máa ń rí i pé káàdì wọn ti kú.

Àwọn òṣìṣẹ́ Intel wá ṣe ohun tí àgbà ilé máa ń ṣe bí olè bá ń wọlé tí a kò tíì mọ̀ ọ́n: wọ́n fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà. Àtúnṣe tí wọ́n kọ mú kí ògbufọ̀, ní kété tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti ibi ìrántí inú káàdì náà pa kí ohunkóhun má lè kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́. Torvalds gba àtúnṣe yìí wọlé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ó gbé 2.6.27 jáde. Kò tíì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń pa káàdì ní ọjọ́ náà.

Àwọn kan lè sọ pé ìwà àìbìkítà ni èyí, pé kò yẹ kí a ṣí ọjà nígbà tí a kò tíì mú olè. Àròyé náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òye wò ó yóò rí i pé ohun tí ìdánwò lè fún àwọn onílé ni wọ́n ti gbà tán: wọ́n ti mọ ẹni tí ewu náà ń bá jà, wọ́n sì ti mọ ẹnu ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Láti máa fi káàdì àwọn ẹlòmíràn wá ìyókù kò ní jẹ́ ohun tí ó dára.

Ìsàlẹ̀ Ni Ó Ti Wọ́

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbéjáde náà tí a fi mọ̀ pé e1000e kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ibi tí aburú náà ti wá jìnnà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: inú ohun èlò kan tí ń jẹ́ ftrace ni, èyí tí Steven Rostedt ṣe, tí ó sì jẹ́ àkọ́wọlé nínú 2.6.27. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ran àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́ láti máa tọ ipasẹ̀ ohun tí kókó Linux ń ṣe láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ohun tí a ṣe láti fi wá àlébù ni ó mú àlébù wá.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gba àlàyé díẹ̀. Ftrace a máa fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú kókó Linux, a sì máa kọ àdírẹ́sì ibi tí àmì náà wà sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, yóò padà lọ sí àdírẹ́sì náà láti pa àmì rẹ́ kí ó má bàa dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a nílò wọn, nígbà tí ògbufọ̀ kan bá ń wọlé. Bí wọ́n bá ti parí, a ó kó wọn kúrò, a ó sì fi àyè wọn fún ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, ẹni tí a fi àyè náà fún ni e1000e, tí ó lò ó gẹ́gẹ́ bí fèrèsé sí ibi ìrántí inú káàdì rẹ̀. Ftrace kò gbọ́ pé ayálégbé ti kó jáde. Ó padà dé àdírẹ́sì àtijọ́, ó kan ilẹ̀kùn, kò sì mọ̀ pé ilé onílé ni òun wà.

Ẹni tí ó kọ ọ́ kò jẹ́ aláìṣọ́ra. Àṣẹ tí ftrace ń lò sọ pé: wo ohun tí ó wà níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ àmì tí a fi síbẹ̀ ni, pa á rẹ́, bí kò bá jẹ́ òun, má yí i padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà ìṣirò inú kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe àṣẹ yìí ni pé bí ohun tí ó bá níbẹ̀ kò tilẹ̀ bá a mu, yóò tún ohun àtijọ́ náà kọ padà sí àyè rẹ̀. Nínú ìrántí lásán, èyí kò ní láburú, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ife tí ó sì dá a padà síbi tí ó wà. Lójú fèrèsé káàdì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ohunkóhun tí a bá kọ síbẹ̀, àṣẹ ni. Káàdì gba ìdápadà ife gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, ó sì ṣe é.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, 2.6.27.1 jáde láti ti apá ftrace yìí pa. Nínú 2.6.28, tí ó jáde ní oṣù kejìlá, a ti yí ọ̀nà tí ó ń gbà mọ àdírẹ́sì padà: ìgbà tí a bá ń kọ́ kókó Linux ni yóò ti mọ̀ wọ́n, kò sì ní ka àwọn ayálégbé ọjọ́ kan mọ́ wọn. Ubuntu 8.10 jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, Fedora 10 ní oṣù kọkànlá, openSUSE 11.1 ní oṣù kejìlá, láìsí pé káàdì aráàlú ń kú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Kíka àkọsílẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n àwọn tí ó mọ inú kókó Linux dáadáa, ni ó mú àṣírí náà tú pátápátá. Káàdì tí ó kú ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ka nǹkan. Nínú ìtàn tí a máa ń sọ nípa ọdún náà, orúkọ àwọn tí ó tú àṣírí ni ó wà níwájú. Ìròyìn àwọn tí káàdì wọn kú kò ju àlàyé ránpẹ́ lọ: irú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní, ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀dà àdánwò sí i, ohun tí wọ́n rí ní òwúrọ̀.

Èyí Tí Kò Pariwo

Ó wu ni láti gbà pé 2008 kọ́ wọn lọ́gbọ́n tán. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2017, Ubuntu gbé 17.10 jáde. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá, wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbà á. Ògbufọ̀ kan tí ń jẹ́ intel-spi, tí ó ń bá ibi tí ètò ìjí kọ̀ǹpútà wà sọ̀rọ̀, ti ti ibẹ̀ pa nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan, pàápàá àwọn kan tí Lenovo ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí ètò ìjí padà yóò rí i pé kò gba àyípadà mọ́. Àwọn mìíràn kò lè fi USB jí kọ̀ǹpútà wọn mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2018 ni 17.10.1 jáde láìsí ògbufọ̀ náà.

Oṣù púpọ̀ ni àwọn ènìyàn fi dán 17.10 wò kí ó tó jáde. Ìdí tí kò fi hàn sí wọn wà nínú irú ìbéèrè tí ìdánwò máa ń béèrè. Ẹni tí ó ń dán ètò wò a máa béèrè pé: ǹjẹ́ àwòrán hàn, ǹjẹ́ ohùn jáde, ǹjẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì so pọ̀? Kò ní béèrè pé: ǹjẹ́ ohun tí n kò fọwọ́ kàn yí padà? Káàdì ọdún 2008 kú lójú ẹni. Láptọ́ọ̀pù ọdún 2017 ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, títí di ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá fẹ́ yí ìlànà ìjí rẹ̀ padà. Ó lè tó oṣù mẹ́fà kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó dé.

Ẹ̀rọ Tòkúnbọ̀

Ọ̀ràn yìí kan Nàìjíríà ní ọ̀nà tí a kì í sábà sọ. Láti ọdún 2005 títí di ọdún 2011, Ubuntu ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè ní orílẹ̀-èdè yòówù kí ó wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò lágbára tó láti gba odidi ètò wà lára àwọn tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wúlò fún jù. Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi irú CD bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀ wa jẹ́ tòkúnbọ̀, èyí tí a ti lò ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kí ó tó dé Ikẹja. Àǹfààní kan wà nínú èyí: ẹ̀yà tí ó ti pé ọdún márùn-ún láyé ti rí ògbufọ̀ tirẹ̀, àwọn olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti bá a la ìṣòro kọjá. Ní ti àkókò tí ẹ̀yà wà ní tuntun, àwọn ará òkè òkun ni ó tọ́ ọ wò fún ẹni tí ó ra tòkúnbọ̀.

Ẹ̀yìn ni ìṣòro tirẹ̀ wà. Bí ẹ̀yà bá ti ń gbó, àwọn tí ó lè fi í dán ẹ̀dà tuntun wò ń dínkù, nítorí pé wọ́n ti tà á, òkun ni ó sì gbé e lọ. Àwọn tí ó wà lọ́wọ́ wọn báyìí kì í sábà kọ ìròyìn ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní láptọ́ọ̀pù kan péré, tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò ní fi ẹ̀dà àdánwò sí i, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí. Lójú àwọn tí ń ṣe ètò, ẹ̀yà tí kò sí ìròyìn nípa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí ẹni tí ó ń lò ó. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ nígbà tí àkókò bá tó láti dín ẹrù kù.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, wọ́n yọ 386 kúrò nínú kókó Linux, ẹ̀dà 3.8 tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2013 sì ni àkọ́kọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: irú ẹ̀rọ gan-an tí Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Debian 13 jáde láìsí kókó Linux tàbí ètò ìfisẹ́rọ fún àwọn kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ pé ètò oní-32-bit nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí irú rẹ̀ ṣì wà nílé rẹ̀ lè dúró sórí Debian 12.